Mo Fa Ẹ̀gẹ́ Mi Tán, Ọ̀rẹ́ Mi Kò Wá Bá Mi Bó O

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ lẹ́rán kó máa ní "ó mà ṣe o." Inú ló ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá rí i pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà, ẹ foríjì mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé.

Fàòsíyà lorúkọ mi. Ìyá Tawheed ni wọ́n ń pè mí ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Kemta ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi dé Òṣíẹ̀lẹ̀, gaàrí ni mo sì ń yan láti ìgbà náà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá, n kò ṣe é parí. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ní sùúrù fún ẹni tó bá ń sọ pé òun kò rí ẹni kọ́ òun.

Mo ní èrò kan tí mo ń gbé kiri bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Èrò náà ni pé ọ̀lẹ ló ń bí òṣì. Ẹni tó bá jí láàárọ̀, tó gbé ara nílẹ̀, ebi kò ní pa á. Ẹni tí ebi bá sì ń pa, kó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bóyá ó le. Mo máa ń sọ ọ́ nídìí agbada, mo máa ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí àwọn olóṣèlú wá pín ìrẹsì ní àdúgbò wa, èmi nìkan ni n kò tò sórí ìlà. Mo ní wọ́n ń fi ìrẹsì kọ́ ènìyàn ní ìmẹ́lẹ́. Àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá Tawheed tún ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí."

Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín jù, tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi jù, ni Adépéjú, ìyá Ìlérí. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ti yan gaàrí rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn. Bó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, ó lè lo oṣù lórí oṣù, kò sí nǹkan tí yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fà á tu, eré dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ á ti máa rọ̀. Tó bá fi di ọjọ́ kẹta, ìlà dúdú á ti wọ inú rẹ̀. Gaàrí tó bá ti ibẹ̀ jáde á rí bí eérú, oníbàárà kò sì ní bèèrè iye tó o ń tà á. Ẹ̀rọ ló ń rin ín, jáàkì ló ń fún omi rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àti ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń bó o. Kò sí obìnrin tó lè dá bó ẹ̀gẹ́ píkọ̀ọ̀pù kan kó tó dú.

Ohun tó mú wa máa ṣe àáró nìyẹn. Obìnrin méje ni wá. Bí ọjọ́ bá kàn mí, gbogbo wọn á gbé àpótí àti ọ̀bẹ wá sọ́dọ̀ mi, a ó bó tèmi tán. Bó bá kàn ọ́, gbogbo wa á wá sọ́dọ̀ rẹ. A kì í san owó. Ọwọ́ ni a fi ń yá ara wa. Àgbà wa, Màmá Harriet, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ni wọ́n máa ń dá ọjọ́ fún oníkálukú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí Màmá tó dá ọjọ́ fún un. Bí oníbàárà ńlá bá sì yà sọ́dọ̀ ẹnì kan, kò gbọdọ̀ dá a jẹ. Yóò mú un wá sí àárín ẹgbẹ́, kí kálukú lè da tirẹ̀ sí i.

Nínú wa ni Àsmá'ù wà, ìyá Abdulbaqi. Àbúrò ni sí mi. Abdulbaqi ní àrùn fọníkú-fọnídìde. Bí ìrora yẹn bá ti dé sí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ á gbé e pọ̀n, ó di ọsibítù, a ò ní fojú kàn án mọ́. Kò sì ní ẹni tó lè rán wá dípò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, a óò lọ bó tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára, n kò ní purọ́.

Péjú mọ̀ pé ó ń ká mi lára. Bí a bá ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Àsmá'ù, á fi èjìká gbá mi. "Ìwọ àti èmi la bó ẹ̀gẹ́ yìí," á wí. "Ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ wà níbi tó ti ń gba atẹ́gùn." Á tún ní bí mo bá dákẹ́, ẹgbẹ́ yìí ló máa pa mí, torí kò sí ẹlòmíì tó lẹ́nu láàárín wa.

Mo kúkú lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìpàdé, mo dìde. Mo ní kò tọ́ kí ẹnì kan máa gba ọwọ́ ẹni mẹ́fà kó má sì dá tirẹ̀ padà. Mo ní ojú àánú kò lè yan gaàrí. Mo wo Péjú kó ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Àsmá'ù ò dìde. Ó bi mí léèrè láti orí ìjókòó rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa gbé ọmọ náà wá síbí, kó máa joró lórí èèpo ẹ̀gẹ́, kí ẹ lè rí mi?"

"N kò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni joró," mo dá a lóhùn. "Mo ní kí kálukú máa ru ẹrù tirẹ̀."

Màmá Harriet mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí Àsmá'ù sinmi nínú àáró ná, títí ara ọmọ á fi balẹ̀. Gbogbo wa mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe jáde ni Péjú dì mọ́ mi, ó ní akọ obìnrin ni mí. Mo gbà á gbọ́, orí mi wú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Kọ́ládé dé.

Kọ́ládé ń di gaàrí sínú ọ̀rá kéékèèké fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Èkó. Gaàrí funfun ló ń wá, gbígbẹ tó ń ró ṣàkà-ṣàkà, ó sì fẹ́ máa kó o déédéé. Péjú ló pàdé rẹ̀ lójú títì Ìbàdàn. Dípò kó mú un lọ bá Màmá Harriet, ẹ̀yìnkùlé mi ló mú un wá. Mo fi omi tútù lọ̀ ọ́. Ó bu gaàrí mi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó ní irú èyí gan-an lòun ń wá.

Nígbà tí Kọ́ládé lọ tán, Péjú jókòó tì mí. Ó ní kí n ronú sí i. Bí a bá mú ọkùnrin yìí lọ sáàárín ẹgbẹ́, ọ̀nà mẹ́fà ni a ó pín in sí, àwọn tó ń sùn á sì gba iye tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbà. Ó ní ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn? Àfi ìgbà tó tún yọ fóònù rẹ̀, ó fi obìnrin kan hàn mí, ará Èkó tó wé gèlè gogoro, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lówó. Obìnrin náà ní ẹni tó bá ń bá òtòṣì rìn, òṣì ni yóò bá délé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó dà bí ẹni pé ẹnu mi ni wọ́n gbà. Ohun tí mo ti ń sọ nídìí agbada láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tó wé gèlè ló tún ń sọ ọ́ lórí fóònù.

Mo sọ fún Péjú pé ẹ̀rù òfin ẹgbẹ́ ń bà mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Fàòsíyà, ẹ̀rù? Ìwọ tí o lé Àsmá'ù?"

Ó ní kí èmi kọ́kọ́ yọ kúrò nínú àáró, kí wọ́n má bàa fura, òun náà á tẹ̀lé mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun ti bá àwọn obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ gbowó, a ò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣe ìpinnu. Ọwọ́ mi kì í yá níbi ká máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, nítorí náà ohùn ni mo máa ń ká ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ ọ́ fún Péjú bí mo ṣe rò ó. Péjú kì í ká ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn wá, á wá sọ ọ́ létí mi. N kò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà.

Mo lọ bá Màmá Harriet, mo ní ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, mo fẹ́ sinmi díẹ̀ nínú àáró. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Fàòsíyà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ni ọjọ́ tìrẹ." Mo ní kí wọ́n fi fún ẹlòmíì. Wọ́n ní ó dáa, Ọlọ́run á wo ẹ̀gbẹ́ sàn.

Péjú ní kí n fa gbogbo ẹ̀gẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Àwọn abó-ẹ̀gẹ́ á dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ Kọ́ládé á wá kó gaàrí lópin ọ̀sẹ̀. Mo gba àwọn ọkùnrin, wọ́n fa gbogbo oko náà. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn, tí mo ro lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ń ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn màlúù, kò ku ẹyọ kan nínú ilẹ̀. Ọkọ mi, Mọ́ṣúdù, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà nígbà tí píkọ̀ọ̀pù já a sílẹ̀.

"Ṣé o ti fi ojú ara rẹ rí àwọn tó máa bó o?" ó bi mí.

"Péjú ti rí wọn."

"Èmi ò bi ọ́ ní ti Péjú."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin da ọkàn mi rú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo po ẹ̀kọ sílẹ̀ fún àwọn abó-ẹ̀gẹ́, mo pọ́n ọ̀bẹ, mo to àpótí. N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo pe Péjú. Ó ní wọ́n wà lọ́nà, ọ̀kadà wọn ló yọnu. Mo tún pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo ní bóyá iná ni kò sí. Mo ní bóyá ọ̀nà ló burú. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń bá ọ̀dàlẹ̀ wá àwáwí.

Nígbà tí oòrùn ti ń mú, mo mú ọ̀nà pọ̀n. Mo kọ́kọ́ yà nídìí ẹ̀rọ tí Ọlátúndé fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún wa, láti bèèrè bóyá ó mọ àwọn tó lè báni bó ẹ̀gẹ́ kíákíá. Ó gbójú sókè, ó yà á lẹ́nu.

"Ẹ ò sí lọ́hùn-ún ni, Ìyá Tawheed? Mo ti rò pé ẹ wà pẹ̀lú wọn. Ìyá Ìlérí ni àáró kàn lónìí."

Mo ní ìyá Ìlérí wo. Ó ní ṣé ìyá Ìlérí méjì ló wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ni.

Kí n tó dé ilé Péjú ni mo ti ń gbọ́ ọ̀bẹ wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, ìró ọ̀bẹ púpọ̀ lára ẹ̀gẹ́, tí ẹ̀rín obìnrin wà láàárín rẹ̀. Wọ́n jókòó yí òkìtì kan ká, tó ga ju tèmi lọ. Péjú wà láàárín wọn, ó ṣán aṣọ mọ́ àyà, èèpo ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀.

Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Péjú," mo ní, "ẹ̀gẹ́ mi wà nílẹ̀ láti àná."

Kò wo ojú mi. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Ẹ káàsán, Ìyá Tawheed. Ẹ ò jókòó kí ẹ bá wa bó díẹ̀?"

Obìnrin tó ti ń pè mí ní "ìwọ" láti ìgbà tí Tawheed àti Ìlérí ti wà lẹ́yìn wa, ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní gáréèjì.

Mo bi í níbo ni àwọn abó-ẹ̀gẹ́ mi wà. Ó ní abó-ẹ̀gẹ́ wo. Àfúsá, tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wa, fi ọ̀bẹ tọ́ka sí àpótí kan tó ṣófo.

"Ẹ jókòó jàre," ó ní. "Tàbí ẹ̀ ń bẹ̀rù kí òṣì wa má ràn yín?"

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ibi tí mo ti sọ ọ́. N kò jókòó.

Màmá Harriet ní kí Péjú mú fóònù wá. Wọ́n ní wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn mi pé mo sọ ohun tí n kò sọ. Péjú nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn mi sì jáde síta gbangba, ó ń dún bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó:

"Péjú, mo ti ronú sí i. Jẹ́ kí àwọn yẹn máa bó ẹ̀gẹ́ ara wọn lọ. Màmá Harriet ti gbó. Àwọn yòókù, àáró ni wọ́n fi ń bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Òṣì wọn kò ní ràn mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ nípa Kọ́ládé."

Adìyẹ kan ń wa èèpo nídìí òkìtì.

"Ohùn ta nìyí?" Màmá bi mí.

"Ohùn mi ni, Màmá."

"Ṣé ẹnì kan fi ọ̀bẹ sí ọ lọ́rùn kí o tó sọ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n Péjú ló mú Kọ́ládé wá bá mi. Òun ló ní ká má sọ. Òun ló ní kí n kọ́kọ́ jáde, pé òun á tẹ̀lé mi."

Péjú wá wo ojú mi nígbà yẹn. "Ohùn tèmi dà níbẹ̀?" ó ní. Ó yí sí àwọn yòókù. "Èmi tí mo mú oníbàárà wá fún ẹgbẹ́ nìyí. Ẹni tó fẹ́ dá a jẹ nìyẹn. Àti pé ta ló lé Àsmá'ù? Ṣé èmi ni mo la ẹnu?"

Òótọ́ ni. Kò la ẹnu. Nínú ohun gbogbo tí a jọ rò, tí a jọ dì, ẹnu tèmi nìkan ló wà níta. Mo wo òkìtì ẹ̀gẹ́ náà, ó wá yé mi yékéyéké. Ọjọ́ tèmi ni wọ́n fún un. Ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n gbé fún ẹlòmíì, òun ló ti ń dúró dè é. Ẹ̀gẹ́ tèmi á dú, tirẹ̀ á funfun, ọkọ̀ Kọ́ládé kò sì ní lọ lófo. Òun ni Kọ́ládé á máa pè láti ìgbà yẹn lọ.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n fún mi ní ènìyàn méjì péré. Màmá ní ẹnu àáró ẹlòmíì ni wọ́n wà, ọwọ́ kì í ṣe ti àwọn láti fi tọrẹ. Mo yí padà. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Ì bá tilẹ̀ sàn kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi àti Mọ́ṣúdù jókòó ti ẹ̀gẹ́ wa. Ọkọ mi kò bó ẹ̀gẹ́ rí láyé rẹ̀. Ńṣe ló ń gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ ìdí odó, èyí tó ń sọnù sínú èèpo pọ̀ ju èyí tó ń wọ inú abọ́ lọ. Kò sọ pé "mo sọ bẹ́ẹ̀." Ìyẹn ló tiẹ̀ ń dùn mí.

Ní ọjọ́rú, bí a ṣe wà níbẹ̀, Àsmá'ù yọ. Ó gbé àpótí dání. Inú mi dùn, n kò ní fi pa mọ́. Mo sún ẹsẹ̀ mi, mo ṣe ààyè fún un, mo na ọ̀bẹ sí i. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀kánkán mi. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò gba ọ̀bẹ.

"Kí lo wá ṣe?" mo bi í.

"Mo wá wòran ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí kálukú máa ru ẹrù tirẹ̀. Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń rù ú."

Mọ́ṣúdù fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́. Mo bó ẹ̀gẹ́ níwájú obìnrin yẹn títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó kàn ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò bú mi. Nígbà tó dìde, ó wo òkìtì tó kù, ó ní, "Ó pọ̀ o." Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan sí méjì. Ìlà dúdú ti wọ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo ṣẹ́ òmíràn, bákan náà ni. Mo ń ṣẹ́ ẹ títí Mọ́ṣúdù fi wá gbà á lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ nínú èyí tí a bó ni mo rí yan. Èyí tó kù, ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ ẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ Kọ́ládé kọjá níwájú ilé mi, gaàrí Péjú ló kó.

Mo bínú sí gbogbo ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà mo ka ọwọ́ ara mi, mo rí i pé méjì péré ni wọ́n. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Harriet.

Wọ́n jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá já àáró sílẹ̀, tó fẹ́ padà, yóò kọ́kọ́ bó fún gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó bó fún un. Mo ní mo gbà. Wọ́n ní àwọn ti pe Àsmá'ù padà láti ọjọ́ tí mo ti jáde, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo lọ bó ẹ̀gẹ́ Àsmá'ù, Àsmá'ù ò sí nílé. Abdulbaqi ló tún gbé lọ sí ọsibítù. Mo jókòó, mo ń bó ẹ̀gẹ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ohun tí mo fi ẹnu mi ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣé kò ká mi lára? Ó ká mi lára díẹ̀. N kì í ṣe málàíkà. Ṣùgbọ́n mo rántí bí òkìtì tèmi ṣe dú lójú mi, mo bó o mọ́, mo fi omi ṣàn án, mo bò ó.

Ẹ má rò pé èrò mi ti yí padà pátápátá. N kò fẹ́ràn ọ̀lẹ títí di òní, bí wọ́n bá sì tún pín ìrẹsì lọ́la, n kò ní tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún sọ níwájú mi pé òun nìkan lòun fi ọwọ́ òun là, màá bi í pé ta ló bá a bó ẹ̀gẹ́. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ mi yangàn, obìnrin mẹ́fà ló ń bó ẹ̀gẹ́ mi, tí mo ń pè é ní òógùn ojú mi. Obìnrin tó wé gèlè lórí fóònù yẹn náà, ẹ wò ó dáadáa, ẹnì kan ló ń bá a wé gèlè.

Mo ti bó fún Àsmá'ù. Mo ti bó fún Àfúsá, ó fi mí ṣẹ̀sín láti àárọ̀ dọ̀sán, mo fara dà á. Mo ti bó fún Màmá àti àwọn yòókù. Ó ku ẹnì kan.

Mo bẹ Màmá lórí ẹni yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bó fún Àsmá'ù lẹ́ẹ̀mejì dípò rẹ̀. Mo ní Péjú tàn mí, ó fi ohùn mi lu mí, òun ló ń jẹ oníbàárà náà jù, kò sì sí ẹni tó ní kó bó ẹ̀gẹ́ kankan ní ìtánràn. Mo bi wọ́n pé ẹ̀tọ́ wo ló wà níbẹ̀.

Màmá ní, "Ṣé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ ọ́?"

Mo ní ẹni tó ni ín ni.

Wọ́n ní, "N kò ní kí o bá a ṣọ̀rẹ́. Mo ní kí o bá a bó ẹ̀gẹ́. Bí a bá ń wá ẹni tí kò ṣẹ̀ wá kí a tó ṣàáró, oníkálukú á máa yan eérú."

Ọ̀la ni. Péjú ti fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀, mo rí píkọ̀ọ̀pù tó kó o kọjá ní ìrọ̀lẹ́ òní. Màá lọ. N kò ní kí i, n kò ní mu omi rẹ̀, bó bá bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gẹ́ ni màá máa wò. Ṣùgbọ́n màá bó o mọ́, n kò ní fi èèpo kankan sílẹ̀ lára rẹ̀, kó má bàa rí nǹkan kan sọ. Nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá ti dá ọjọ́ tèmi, mo sì ti yáwó ra ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, torí oko tèmi ti ṣófo. Gbogbo wọn ló máa wá. Òun náà á gbé àpótí rẹ̀ wá, á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, á sì bó ẹ̀gẹ́ mi, inú rẹ̀ ì báà dùn, ì báà má dùn.

N kò dárí jì í. Mo kàn nílò ọwọ́ rẹ̀ ni.